Sójà Nìkan Ló Ń Wọlé

Èkó, ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀wàrà, 1921

Bàbá mi Fárìndé, ní Lálúpọn,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Ìyá mi Ọ̀ṣunbíyìí ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

Ohun tó mú mi sáré kọ̀wé yìí nìyí. Ẹ rántí pé mo ti sọ fún yín pé mò ń ṣe káfíńtà ní ilé kan tí àwọn òyìnbó ń kó ohun àtijọ́ jọ sí fún ìran wíwò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé là ń pè é. Idà wà níbẹ̀, ère wà níbẹ̀, ìbọn oríṣiríṣi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo sì kan àwọn àpótí onígíláàsì tí wọ́n kó wọn sí. Lójoojúmọ́, ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òyìnbó kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Bélú tó ń bọ̀, ìrántí ọjọ́ tí ogun Jámánì parí, wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu láti fi yẹ́ àwọn tó lọ sógun náà sí. Wọn yóò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn yóò fún wọn lóúnjẹ, àwọn onífèrè yóò sì fọn fèrè fún wọn. Òyìnbó alábòójútó wa ló sọ ọ́ fún wa, mo fi etí ara mi gbọ́.

Bàbá, ta ló lọ ogun náà jù yín lọ? Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lálúpọn, n ó pàdé yín ní Ìddó. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bàbá mi ń bọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Jìmí


Lálúpọn, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀wàrà, 1921

Fáwùnmí,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ. Ìyá rẹ náà gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fúyẹ́.

Olúyínká, olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ka ìwé rẹ fún mi, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. Nígbà tó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀, mo ní kó tún un kà, mo rò pé ìwé onílé mìíràn ni wọ́n gbé fún wa. Ta ni Jìmí? Èmi kò sọ ọmọ kankan ní Jìmí. Bí òyìnbó rẹ kò bá lè pe Fáwùnmí, kó máa súfèé pè ọ́.

Ọdún kejì rèé tí o ti ń wí pé o ń bọ̀ wálé. Ìwọ tí ò ń kan àpótí fún ère ní Èkó, òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ wó lé e lórí nínú òjò, ọmọ ọlọ́mọ ló bá a gbé e dìde. Mo fẹ́ kí o mọ̀.

Ní ti pípè tí o pè mí, n kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ti ogun Dáríṣàlámù dé, kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi pé mo kú iṣẹ́. Baálẹ̀ tó yàn wá kò sọ ọ́. Òyìnbó tó kó wa sínú ọkọ̀ ojú omi kò sọ ọ́. N ó wá. Gàfárù yóò bá mi wá. O mọ̀ ọ́n, sójà ni ní tirẹ̀. Ní odò Rùfíjì, àwa alárù là ń fa ìbọn ńlá, àwọn Gàfárù ló ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n lọ wádìí dáadáa. Ṣé gbogbo ẹni tó lọ ni wọ́n ń pè, àbí àwọn tó gbé ìbọn nìkan? Gàfárù ní àmì-ẹ̀yẹ onírin tí ó ń fi kọ́ àyà. Èmi, ẹsẹ̀ tí jìgá jẹ ọmọ ìka rẹ̀ tán ni mo gbé bọ̀.

Bàbá rẹ,
Fárìndé


Èkó, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà, 1921

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gba ìbáwí. Òyìnbó ló fi orúkọ yẹn pè mí, mo sì jẹ́ kó mọ́ mi lára. Ẹ kò ní rí i nínú ìwé mi mọ́. N ó wálé bí iṣẹ́ bá ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ẹ bá mi bẹ ìyá mi.

Mo bi akọ̀wé wa léèrè. Ó ní kí gbogbo àwọn tó lọ sógun máa bọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ náà, èmi ni n ó di ilẹ̀kùn mú fún yín.

Ọmọ yín,
Fáwùnmí


Lálúpọn, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Bélú, 1921

Fáwùnmí,

N kò kí ọ. Olúyínká ní ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí ìkíni. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i.

Jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún ọ, bóyá ìwọ kò rí i, nítorí ilẹ̀ ni ojú rẹ wà. Èmi àti Gàfárù tò sórí ìlà nínú oòrùn. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé yẹn, ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, wo àyà Gàfárù, ó rí irin tó fi kọ́ ọ, ó ní kó máa wọlé. Ó wo àyà tèmi. Ó ní nọ́ńbà sójà mi dà. Mo ní alárù ni mí, alárù ìbọn ńlá. Ó ní, “Sójà nìkan ló ń wọlé, bàbá. Ẹ kúrò lọ́nà.”

Gàfárù yíjú padà, ó ní, “Ọkùnrin yìí ló fa ìbọn tí mo yìn.” Wọn kò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo ní kó má wulẹ̀ ṣe ìjà, kó wọlé lọ bá mi wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? O di ilẹ̀kùn mú. Mo wò ọ́ títí. Ò ń wo ìṣó ara ilẹ̀kùn bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. “Bàbá mi ni” kò wúwo lẹ́nu. Àlejò lásán ìbá ti sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jókòó sábẹ́ igi tó wà ní òdìkejì títì, mo ń gbọ́ fèrè tí wọ́n ń fọn fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí Gàfárù jáde, ó ti di ẹran àti búrẹ́dì sínú fìlà rẹ̀ wá fún mi. Mo gbé e sílẹ̀. Ajá ló jẹ ẹ́. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin la sùn mọ́jú, n kò sì ní fẹsẹ̀ kan ilé rẹ mọ́ láyé mi.

Ìyá rẹ ń bi mí pé báwo ni ọjọ́ náà ṣe rí. Mo ní òjò rọ̀.

Fárìndé


Èkó, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Bélú, 1921

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà.

N kò purọ́ pè yín. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó sọ ni sójà. Èmi ni mo sọ ọ́ di àwọn tó lọ sógun, nítorí lójú tèmi ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo bi akọ̀wé pẹ̀lú ẹnu Yorùbá, òun náà fi ẹnu Yorùbá dá mi lóhùn, kò sí èyí tó ronú kan alárù nínú wa. Lọ́jọ́ náà, òyìnbó alábòójútó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá ya ẹnu níwájú àwọn àlejò rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibo ni n ó gbà?

Inú ń bí èmi náà, mo sì ní láti sọ ọ́. Ẹ ní mo dákẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ na ìka sí yín pé ẹ̀yin ni ẹ ó lọ ru ẹrù ogun tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, kí ni ẹ sọ? Mo wà níbẹ̀. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ káṣọ yín, ẹ lọ, ìyá mi sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọ yín,
Fáwùnmí


Èkó, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀pẹ, 1921

Bàbá mi,

Ẹ kò fèsì. Ará Lálúpọn kan tí mo bá pàdé ní Ìddó ní ara yín le, ẹ ń lọ sóko. Nígbà náà, kì í ṣe àìsàn ni kò jẹ́ kí ẹ kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Baálẹ̀ ti ń bu mí jẹ. Ẹ bú mi, ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Fáwùnmí


Lálúpọn, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ọ̀pẹ, 1921

Fáwùnmí,

Olúyínká kò fẹ́ ka ìwé rẹ yẹn dópin fún mi. Èmi ni mo ní kó kà á.

Òótọ́ lo sọ, mo dákẹ́. Ohun tí ìwọ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe èmi ni Baálẹ̀ kọ́kọ́ na ìka sí. Ìwọ ni. O ti ga nígbà náà bí ọ̀pẹ, wọ́n rò pé o ti dàgbà. Kí ojú rẹ tó kàn án, mo ti bọ́ síwájú rẹ, ìka náà sì bọ́ sára mi. Mo sì pa ẹnu mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún wo ẹ̀yìn mi. Mo dákẹ́ nítorí rẹ. Ìwọ, ta ni o dákẹ́ nítorí rẹ̀?

Mo fẹ́ kí ìwé parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gàfárù wá bá mi lánàá, ó jókòó, ó jẹ obì. Láti ọjọ́ tí a ti ti Èkó dé ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Ó ní àwòrán kan wà lára ògiri nínú ilé yín. Àwọn ọkùnrin ń fa ìbọn ńlá jáde nínú ẹrẹ̀ Rùfíjì, okùn wà léjìká wọn. Ó ní èmi ni mo wà níwájú. Ó fi etí mi tó ya mọ̀ mí. Sàníù ará Olódò ló wà lẹ́yìn mi.

Mo rántí ọjọ́ náà. Òyìnbó kan gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ létí odò, ó ní ká dúró nínú omi bẹ́ẹ̀, ká má mira. Omi náà tutù dé egungun. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí Sàníù kú.

Nítorí náà, wọ́n ti gbà mí wọlé tipẹ́. Ara mi nìkan ni wọn kò gbà. Gàfárù ní férémù náà jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà tó mọṣẹ́. Mo ń bi ọ́, ta ló kàn án?

Fárìndé


Èkó, ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1922

Bàbá mi,

Èmi ni mo kàn án. Èmi ni mo gbé e kọ́.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo lọ dúró níwájú àwòrán náà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo ti fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ rù, ẹrẹ̀ bo irùngbọ̀n yín, ojú yín kò jọ ojú ẹni tí mo mọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n etí yín wà níbẹ̀ kedere. N kò wo etí. Férémù ni mò ń wò, bóyá ó gún.

N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ mú lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń tọrọ àforíjì irú ìyẹn.

Wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ àwòrán náà. Wọ́n kọ orúkọ ìbọn. Wọ́n kọ orúkọ odò. Wọ́n kọ orúkọ òyìnbó tó ya àwòrán. Ẹ̀yin tí okùn wà léjìká yín, kò sí orúkọ ẹnìkan.

Mo tọ òyìnbó alábòójútó lọ, mo ní ọkùnrin iwájú yẹn ni bàbá mi, òun sì ni wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àwọn sójà. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun ìyanu ni. Ó ní kí ẹ wá ní ọjọ́ tí kò sí àlejò, kí ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbà, kí ẹ wo ara yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má pẹ́. Mo ní ilẹ̀kùn iwájú ńkọ́. Ó ní òfin ni òfin.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ọmọ yín,
Fáwùnmí


Lálúpọn, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1922

Fáwùnmí,

Sọ fún un pé nígbà tí wọ́n wá mú mi lọ sógun, ojúde ni wọ́n ti mú mi, lójú gbogbo ìlú. N kò gba ẹ̀yìnkùlé lọ, n kò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè. Kó máa wò mí lára ògiri rẹ̀. Ó ti tó o.

Fárìndé


Lálúpọn, ọjọ́ kẹfà oṣù Èrèlé, 1922

Fáwùnmí,

Mo kí ọ. Ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ.

Hàjàrá, ìyá Sàníù, gbọ́ lẹ́nu Gàfárù pé àwòrán ọmọ òun wà ní Èkó. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Olódò wá bá mi, arúgbó tí kò ríran dáadáa. O kò mọ ohun tó wà láàrin èmi àti obìnrin náà. Nígbà tí mo dé láti ogun, mo sọ fún un pé Sàníù kú, pé ọwọ́ mi la fi sin ín. Kò gbà. Ó ní alárù ń purọ́, ọmọ òun ṣì ń bọ̀. Kò jẹ́ kí àwọn àlùfáà ṣe àdúrà òkú fún un títí di òní, kò sì kí mi mọ́ lọ́jà.

Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ká lọ. Mo ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n fún wa, mo sì ti kọ̀ ọ́. Fáwùnmí, obìnrin náà wò mí bí ẹni wo ìdọ̀tí. Ó ní, “Fárìndé, ìgbéraga dára fún ẹni tó bọ̀. Bí ihò eku ni wọ́n bá ní kí n gbà, n ó gbà á, kí n sáà rí ọmọ mi.”

Ìyá rẹ, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Gàfárù yóò mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn fún un. Èmi kò ní wá.

Fárìndé


Èkó, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Èrèlé, 1922

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ó ti gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu Gàfárù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá nìkan ni kó wọlé, wọn kò gba Gàfárù, nítorí náà n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún yín.

Mo mú Ìyá Hàjàrá gba ẹ̀yìn wọlé. Mo gbé àpótí kan fún wọn gùn kí ojú wọn lè tó o. Wọ́n sún mọ́ gíláàsì náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọn kò sọkún. Wọ́n ní, “Ó ti rù. Wọn kò fún un jẹ.” Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un. Wọ́n ní Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ dúró títí, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, kó má bínú. Wọ́n ní oyún tó fi sílẹ̀ ti di ọmọkùnrin, ó ń sáré kiri. Mo dúró tì wọ́n, n kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí.

Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á. Wọ́n ní orúkọ Sàníù dà. Mo ní kò sí. Ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kò dìde mọ́.

Bí òyìnbó alábòójútó ṣe wọlé nìyẹn pẹ̀lú àwọn àlejò tí a kò retí, ọkùnrin àti obìnrin, akọ̀wé ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá Hàjàrá kò dúró de ìkíni. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó yíjú sí mi, ó ní kí ni ìyá yìí ń wí. Akọ̀wé yọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Sọ pé ó ń dúpẹ́.”

Bàbá, mo sọ ọ́. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Mo ní, “Ó ní ẹ̀yin lẹ mú ọmọ òun lọ lójú òun, ẹ sì ní ẹ ó dá a padà. Ó ní ẹ mọ orúkọ ìbọn, ẹ kò mọ orúkọ ọmọ òun. Sàníù ni. Ó ní bí ẹ kò bá lè fún òun lọ́mọ, kí ẹ fi sàréè rẹ̀ han òun. Bí ẹ kò bá mọ sàréè, kí ẹ jẹ́ kí òun gbé òjìji rẹ̀ lọ sílé, kí ẹ máa fi ìbọn yín ṣeré.” Nígbà tí mo parí tiwọn, mo fi tèmi kún un. Mo ní ọkùnrin tó ṣíwájú rẹ̀ ń jẹ́ Fárìndé, bàbá mi ni, ẹ lé e lẹ́nu ọ̀nà níṣojú mi.

Ojú òyìnbó pọ́n bí epo. Obìnrin kan nínú àwọn àlejò yí ojú sógiri. Òyìnbó ní kí n kó irinṣẹ́ mi, kí n má padà wá. Wọn kò fún Ìyá Hàjàrá ní àwòrán náà, n kò ní tàn yín. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀.

Mo gbé Ìyá Hàjàrá dìde. Ẹnu ọ̀nà iwájú la gbà jáde. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró.

N kò níṣẹ́ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ rí mi.

Fáwùnmí


Lálúpọn, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ẹrẹ́nà, 1922

Fáwùnmí, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Gàfárù kí ọ, ó ní òun kò mọ̀ pé o lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Olúyínká tó ń kọ̀wé yìí náà kí ọ.

Hàjàrá ti dé. Kò yà sí ilé rẹ̀, ilé wa ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó síwájú mi, ó ní kí n wá sọ ọ́ fún òun báyìí, gbogbo rẹ̀, òun yóò gbà. Mo sọ bí ìgbẹ́ ọ̀rìn ṣe mú Sàníù, bí kò ṣe sí oúnjẹ nínú ìkún omi yẹn, bó ṣe ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Mo sọ pé a kò ní ṣọ́bìrì, àwo tí a fi ń jẹun la fi gbẹ́lẹ̀ fún un. Nígbà tí mo parí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Àwo tìrẹ náà wà níbẹ̀?” Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n ṣe àdúrà Sàníù ní Olódò. Èmi kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Hàjàrá ni wọ́n fi mí jókòó sí. Gàfárù wà níbẹ̀, kò fi irin rẹ̀ kọ́ àyà. Wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀, mo sì dìde. Mo pe orúkọ gbogbo ẹni tó kú lórí okùn náà, àwọn tí mo rántí.

O bi mí bóyá mo fẹ́ rí ọ. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Olúyínká ní kí n fi ohùn tútù sọ ọ́, mo ní bó ṣe rí nìyẹn.

Inú ṣì ń bí mi, Fáwùnmí. Ó ń bí mi nígbà tí mo bá jí, ó ń bí mi lóko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí mọ́. Máa bọ̀ nílé, ká jọ máa bínú.

Bàbá rẹ,
Fárìndé